Àlejò Tí Kì Í Jókòó Sílé

Ní ìparí ọdún 1978, obìnrin òyìnbó tí ó tọ́ ọmọ wa Mọ̀dínátù ní Máágéètì mú un wá sí Adó-Èkìtì kí a lè rí i, òun nìkan ló sì padà lọ.

Máágéètì jẹ́ ìlú kan létí òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Nọ́fíù, àti Mùínátù ìyàwó rẹ̀ gbé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ iṣẹ́ fíríìjì, tí Mùínátù sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àárín ìlú gan-an ni wọ́n wà, nínú ilé kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ga, tó fara ti ilé mìíràn lọ́tùn-ún àti lósì, tí kò ní àgbàlá tí ènìyàn lè na ẹsẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé, òórùn ẹja díndín àti òórùn òkun a jọ wọlé. Àwọn ẹyẹ funfun ńláńlá a máa pariwo lórí òrùlé láti ìdájí. Ilé tó ní aago lórí wà ní ìkóríta wọn. Tí ènìyàn bá ti kọjá rẹ̀, ó ti dé orí iyanrìn nìyẹn.

Mísíìsì Báákà ló ni ilé náà. Opó ni, kò sì bímọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni gbígba àlejò. Nígbà ooru, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù a wá wo òkun, wọn a sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà a sì fún wọn ní ẹyin àti búrẹ́dì láàárọ̀. Òun ló ń bá Mùínátù tọ́jú Mọ̀dínátù ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbélé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi àti Mùínátù ń bọ̀ wálé, wọn kò tíì ní iṣẹ́, wọn kò tíì ní ilé tiwọn. Obìnrin náà ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wà lọ́dọ̀ òun ná. "Ná" yẹn di ọdún mẹ́ta.

Ìyá wa, Àyọ̀kẹ́, tí gbogbo wa jọ ń gbé ní àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó, kò fojú kan ọmọ náà rí. Fọ́tò ló ń wò. Nínú fọ́tò náà Mọ̀dínátù dúró sórí iyanrìn, ó mú garawa kékeré lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì jọ ti bàbá wa tó ti kú tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá fi máa ń kí fọ́tò náà láàárọ̀ kó tó fọ ẹnu.

Nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ara wa kò balẹ̀ mọ́. A kun ilé. A ra bẹ́ẹ̀dì. Èmi tí mo ń ta àwo àti abọ́ ní àdúgbò Adébáyọ̀, mo ru àwo tuntun wálé láti ṣọ́ọ̀bù, mo sì sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹni tó bá fọ́ ọ̀kan, èmi náà á fọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi wá pè wá jọ, ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó ní obìnrin náà yóò lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ọmọ yóò fi padà wà nínú báàgì rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ dúró, yóò dúró. Bí ó bá ń sunkún pé òun fẹ́ padà, kí ẹnikẹ́ni má fi agbára mú un, torí obìnrin náà ti sọ pé òun kò ní fi ọmọ tó ń sunkún sílẹ̀ sínú ilé tó ń bà á lẹ́rù, òun Nọ́fíù sì ti gbà.

Ìyá béèrè pé, "Nọ́fíù, ọmọ ta ni?"

Mùínátù dìde, ó lọ wo iná.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, Òkè-Ìlá kún. Pijó tó gbé wọn láti Ìkẹjà gba Ìgèdè wọlé, àwọn ará ilé Mùínátù sì dá ọkọ̀ náà dúró níbẹ̀, wọ́n di iṣu sí ẹ̀yìn rẹ̀ títí ẹ̀yìn ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó ga, ó gbẹ, ó dé fìlà koríko, ojú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátò. Ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ènìyàn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà Ọláyíwọlá, aládùúgbò wa, ti kọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó kà á, ó kà á, àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀, ewúrẹ́ kan wá, ó lọ. Èmi kò gbọ́ ju ìdajì lọ, àwọn tó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní àwọn náà kò mọ ohun tó wí. Nígbà tó parí, Mísíìsì Báákà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì béèrè ibi tí ilé ìgbẹ́ wà. Èyí yé gbogbo wa, a sì fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọmọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ súwẹ́tà nínú ooru, ó fi ọwọ́ méjèèjì di yẹ̀rì obìnrin náà mú. Ìyá na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ulé rẹ rè é, ọmọ mi." Ọmọ béèrè ohun tí ó wí. Mùínátù sọ ọ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wo ilé wa láti òkè délẹ̀, ó sì fi ojú pamọ́ sínú yẹ̀rì.

Ìyá kò sunkún. Ó ní kí a gbé oúnjẹ wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mísíìsì Báákà jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, ó mu tíì, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kankan kò sùn sórí rẹ̀. Ó dé fìlà, ó gbé báàgì, ó fẹnu ko ọmọ lórí, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. A rò pé atẹ́gùn ló fẹ́ gbà níwájú ilé. Ìyá ti ní kí a pa adìẹ. Nígbà tí a fi máa yọ ìyẹ́ adìẹ náà tán, obìnrin náà kò sí níwájú ilé, kò sí lẹ́yìnkùlé, kò sí ní ilé Tíṣà. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá dúró. A fún un ní bísíkíìtì, ó jù ú nù. Níkẹyìn mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní ká lọ wá a. Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni tèmi, ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé a fẹ́ wá a, ó dákẹ́, ó tẹ̀ lé mi.

Ṣọ́ọ̀bù Sẹ̀gilọlá aránṣọ ni a ti bá a. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì, ó ń bá Sẹ̀gilọlá ká òwú. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá rí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Mọ́rúfù, ṣé iyán ti tán nílé yín ni? Ebi ló gbé àlejò yín dé ọ̀dọ̀ mi o."

Mo ní iyán wà nílé, ìdí tí wọn yóò fi jókòó jẹ ẹ́ ni kò sí nílé.

A bẹ obìnrin náà kó wálé. Ó dúpẹ́, ó ní ó di ìrọ̀lẹ́. Ó di ìrọ̀lẹ́ lóòótọ́ kó tó dé, ó sì jẹ adìẹ tó ti tutù, ó ní ó dùn.

Bó ṣe ṣe lọ́jọ́ kẹta nìyẹn, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìyá kò lè sùn. Ó ń béèrè ohun tí a fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó pe Mùínátù, ó ní kó sọ òótọ́ fún òun, ṣé ìjà wà láàárín wọn láti Máágéètì ni? Mùínátù tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjà kọ́. Ní ilé Mísíìsì Báákà, bí àlejò bá ti jẹun àárọ̀ tán, yóò jáde, ẹni tó nilé yóò ti ilẹ̀kùn, yóò gbá ilé, yóò fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, àlejò kò sì ní padà títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá jókòó sílé lọ́sàn-án, àlejò burúkú ni. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni obìnrin náà ti fi ń bínú sí àlejò tó jókòó sílé, kò wá lè jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé ẹlòmíràn. Òun Mùínátù ti bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, ó ní rárá, òun kò ní dí wa lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Mùínátù, ṣé wàá lọ máa ṣàlàyé ìyẹn fún gbogbo Adó láti ojúlé dé ojúlé?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwa mọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rí i lójú títì kò mọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ilé Àyọ̀kẹ́ gba àlejò, àlejò náà sì ń sá jáde láràárọ̀.

Ìyá wá dìde sí i. Ó ní kí a gún iyán láàárọ̀ kùtùkùtù, kó lè wúwo nínú rẹ̀. Obìnrin náà jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó jáde. Ìyá gbé fìlà koríko rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin náà fi gèlè Mùínátù wé orí, ó jáde, ó sì rẹwà lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin ọjà pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ kan Ìyá gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà gan-an, ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀. Mísíìsì Báákà dé ibẹ̀, ó kí i, ó yí padà jẹ́jẹ́, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti rí ẹni tó lágídí tó òun.

Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Ìyá Máágéètì ni wọ́n ń pè é. Láràárọ̀ ni ariwo ń sọ láti Òkè-Ìlá dé Adébáyọ̀: Ìyá Máágéètì ti kọjá o, Ìyá Máágéètì wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, Ìyá Máágéètì ń bá wọn pọn omi. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn olóṣèlú láyè láti máa pe ènìyàn jọ, àwọn kan tó ń wá ìbò lọ́jọ́ kan rí i pé èrò tó tẹ̀ lé obìnrin náà ju tiwọn lọ.

Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, èmi àti Mọ̀dínátù a bọ́ sójú ọ̀nà láti wá a. Bó bá jẹ́ pé a jókòó sílé ni, yóò máa ké. Torí náà a ń rìn. Sẹ̀gilọlá a ní ó ti gba ọ̀dọ̀ òun kọjá. Sùnmọ́nù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe a gbé ọmọ sórí kẹ̀kẹ́, a tì í dé orígun. Obìnrin tó ń din àkàrà a fún un ní ọ̀kan tó gbóná, a ní kó fẹ́ ẹ kó tó jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kò tíì yí tí ó fi bọ́ súwẹ́tà. Kò pẹ́ sí i, ó bọ́ bàtà. Àwọn ọmọ mi àti àwọn ọmọ Tíṣà ń tẹ̀ lé wa, wọ́n sì sọ wíwá náà di eré. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Ìyá Máágéètì ló jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Mọ̀dínátù ń di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó yá, èmi ni mò ń sáré tẹ̀ lé e. Ó ń wọ ojúlé olójúlé, ó ń kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ń béèrè pé, "Ṣé Ìyá Máágéètì wà ńbí?" Ohùn Èkìtì ló fi ń sọ ọ́, torí èyí tó ń gbọ́ nìyẹn. Ìyá gbọ́ ọ láti inú ilé lọ́jọ́ kan, ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì dúró láìmira.

Ọjọ́ Kérésì ni ìtìjú dé. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ onígbàgbọ́ ti ń gbé ìrẹsì wá fún wa lọ́jọ́ Kérésì, bí àwa náà ṣe ń gbé ẹran fún wọn nígbà Iléyá. Lọ́dún yẹn, abọ́ méjì-méjì ni wọ́n ń gbé wá. Wọ́n á ní, "Èyí ti ilé, èyí ti Ìyá Máágéètì, torí a ò mọ̀ bóyá ó ń rí jẹ." Abọ́ kún ilẹ̀. Ìyá wo àwọn abọ́ náà, ó ní òun ti bímọ, òun ti wo ọmọ, òun ti gba àna, kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kan òun rí pé òun febi pa àlejò. Ó ní lọ́jọ́ kejì, òun fúnra òun ló máa lọ wá àlejò òun, bí ó bá sì kọ̀, òun á pọ̀n ọ́n wálé.

Lọ́jọ́ kejì náà, ọyẹ́ mú púpọ̀. Ènìyàn kò rí òpin òpópónà. A wá Mísíìsì Báákà dé Adébáyọ̀, kò sí. Ọjà, kò sí. Ó ti rẹ Ìyá, Sẹ̀gilọlá fún un ní àpótí, ó jókòó sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì rán èmi àti Mùínátù lọ síwájú. Mọ̀dínátù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ kan pé Ìyá Máágéètì gun àpáta tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Ó sáré, àwa náà ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Lókè níbẹ̀ ni obìnrin náà jókòó sí, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo ìsàlẹ̀. Ó sọ fún Mùínátù pé bí ọyẹ́ ṣe bo gbogbo ìlú yìí, bí òkun ṣe máa ń rí nìyẹn láti fèrèsé yàrá òkè nígbà òtútù, nígbà tí àlejò kankan kò sí. Èmi wò ó. Òrùlé páànù ni mo rí.

Mọ̀dínátù fà á lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá a sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "ulé" láàárín rẹ̀. Ó ní kó dìde, kí wọ́n máa lọ sí ulé.

Obìnrin náà béèrè pé níbo ni ìyẹn.

Ọmọ na ọwọ́ sínú ọyẹ́. Mùínátù ń sọ ọ́ fún mi bó ṣe ń wí i: ìyẹn ni ọ̀dọ̀ Sẹ̀gilọlá, Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ìyẹn ni ọ̀dọ̀ Sùnmọ́nù oníkẹ̀kẹ́. Ibi tí èéfín ti ń jáde yẹn ni alákàrà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé tí ajá wọn máa ń gbó lásán, kì í bu ènìyàn jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni tiwa.

"Tiwa?" Mísíìsì Báákà béèrè.

"Tiwa," ni ọmọ wí.

Obìnrin náà dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọmọ fà á sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Sẹ̀gilọlá, Ìyá na ọwọ́, obìnrin náà fà á dìde, àwọn méjèèjì fi ara ti ara wọn wálé. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò wọ́n. Ìyá ń kí wọn lọ́tùn-ún lósì bí ọba.

Kò jáde mọ́ lọ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn. Ó jókòó sílé pẹ̀lú Ìyá, wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n jọ ń sùn lórí àga. Ṣùgbọ́n Mọ̀dínátù ti mọ ọ̀nà ìta. Bó bá ti jẹun àárọ̀ tán, ó ti bá àwọn ọmọ yòókù lọ, ó di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ tí Mísíìsì Báákà ń lọ, ariwo náà tó ti ọjọ́ tí ó dé. Sẹ̀gilọlá rán aṣọ fún un. Ìyá gbé fìlà koríko jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi dé e lórí fúnra rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè lọ́wọ́ Mọ̀dínátù níwájú gbogbo wa pé ṣé yóò lọ ni tàbí yóò dúró. Ọmọ wo obìnrin náà, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dúró dè é lójú títì, ó ní òun yóò dúró. Ó béèrè bóyá obìnrin náà yóò tún padà wá. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ jáde nínú báàgì, ó fi lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ìyá dojúbolẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níbẹ̀ lórí erùpẹ̀.

Kí Mísíìsì Báákà tó wọ ọkọ̀, ó bá Mùínátù sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mùínátù kò sọ ọ́ fún mi títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó wí ni pé, "Mo fẹ́ jẹ́ àlejò rere. Ká ní mo jókòó sílé bí ìyá yín ṣe fẹ́ ni, ọmọ náà kì bá tí fi yẹ̀rì mi sílẹ̀."

Mọ̀dínátù àti àwọn ọmọ yòókù sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ dé ìkóríta. Ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀.

Obìnrin náà kò padà wá. Nígbà tí Mọ̀dínátù dàgbà, ó lọ wò ó, ó sì sọ fún wa bó ṣe rí. Ó ní nígbà ooru tó tẹ̀ lé e, Mísíìsì Báákà gba àlejò bí ó ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n kò lè fara da ilé tó ṣófo lọ́sàn-án mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má jáde, òun fẹ́ se nǹkan fún wọn. Bí wọ́n bá ti gbé báàgì, ó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ènìyàn náà kò fẹ́ irú rẹ̀, òkun ni wọ́n wá wò. Wọn kò wá mọ́. Ó ta ilé náà, èyí tó wà láàárín Máágéètì, tó fara ti ilé mìíràn lọ́tùn-ún àti lósì. Nínú yàrá kan lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, ní ìlú tí kò sí òkun, ni Mọ̀dínátù ti bá a.